Ilé Nínú Ilé: Bí Mo Ṣe Kọ́ Fódà, Tí Mo sì Wó O

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnu yà yín pé olùkọ́ èdè Yorùbá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èdè C tí wọ́n fi ń kọ ètò fún ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Èdè ni òun náà. Ó ní gírámà, ó ní àmì tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ní ìparí gbólóhùn, ẹni tó bá sì ṣì í sọ kò ní rí ẹni fọ̀rọ̀ rora pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún 26 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Yorùbá nílùú Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ló kọ́ mi ní èdè C. Mo máa ń pè é ní Tíṣà lójú ìyá rẹ̀, ojú a sì máa tì í.

Òkè Padre ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ èdè Pọtogí ni "padre". Bàbá ni ó túmọ̀ sí, àlùfáà ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì ń fi orúkọ náà pè. Kàtídírà Màríà Mímọ́ wà ní àdúgbò wa dòní olónìí. Bí ènìyàn bá dúró lókè, tó wo apá Bẹẹrẹ àti Mápó, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò rí lọ súà, ọ̀kan fara ti èkejì. Àlejò lè rò pé ńṣe ni ilé kàn dà jọ síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agboolé ni gbogbo rẹ̀. Agboolé ní ilé nínú, ilé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní yàrá, yàrá ní àpótí, inú àpótí sì ni ìyá àgbà ń kó aṣọ òfì rẹ̀ sí. Bí a bá rán ọmọdé lọ mú aṣọ náà wá, a ó dárúkọ wọn fún un ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: agboolé ta ni, ilé wo, yàrá wo, àpótí wo. Bí ẹ̀rọ ṣe ń tọ́jú ìwé náà nìyẹn. Fáìlì ni ìwé. Fódà ni ohun tí a ń kó fáìlì sí, fódà a sì máa wà nínú fódà. Orúkọ tí a tò tẹ̀léra, tí a fi àmì / là láàárín, ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò tọ̀ dé ibẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìwé ìlànà iṣẹ́ lọ. Gbogbo olùkọ́ ló mọ wàhálà rẹ̀. Sáà mẹ́ta ló wà nínú ọdún, kíláàsì mẹ́ta ni mò ń kọ́, mo sì ka ọ̀sẹ̀ 13 sí sáà kan. Bí mo bá fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, 117 nìyẹn. Ẹ fi fódà kíláàsì 9 kún un, ẹ fi ti sáà 3 kún un, ẹ wá fi ti ọdún fúnra rẹ̀ lé e, ó di 130. Mo ti ń fi ọwọ́ ṣe é lọ́dọọdún. (Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ fódà SS3 ní sáà kẹta kì í rí nǹkan kan jẹ, nítorí ìdánwò àṣekágbá ni àwọn ọmọ ń ṣe nígbà náà.) Tíṣà rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín ṣe é."

Ó fi àṣẹ kan hàn mí tí wọ́n ń pè ní mkdir. Èyí kò sí lára èdè C fúnra rẹ̀. Ìlànà POSIX, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1988, ló fi ọwọ́ sí i fún àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ ìdílé Unix. _mkdir ni Windows ń pe tirẹ̀. Mo wá kọ orúkọ gbogbo ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ọdún dé ọ̀sẹ̀: "2022-2023/Sáà1/SS1/Ọ̀sẹ̀01". Mo fi í fún mkdir. Òdo ni ó yẹ kó dá padà bí iṣẹ́ bá yọrí. Ohun tó dá padà ni -1. Mo wo errno, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń fi ìdí àìṣeéṣe sí, mo bá ENOENT níbẹ̀: ohun tí ẹ dárúkọ kò sí.

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé kò sí! Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi ní kó ṣe é. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ti kọ́ agboolé kí ẹ tó ní kí wọ́n gbé àpótí wọ yàrá?" Orúkọ tó kẹ́yìn nìkan ni mkdir ń dá sílẹ̀. Gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án bí bàbá ilé kò bá tíì dé.

Nítorí náà, ètò ni yóò máa rìn lórí orúkọ náà láti iwájú. Bó bá ti kan àmì / kan, yóò dúró, yóò dá fódà ibẹ̀ sílẹ̀, yóò sì tẹ̀síwájú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Nínú èdè C, òdo ni ó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí hàn. Bí a bá mú àmì / kúrò, tí a fi òdo sí ipò rẹ̀, "2022-2023" nìkan ni mkdir yóò rí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó dá àmì náà padà sí àyè rẹ̀, a ó sì lọ bá èyí tó kàn. Inú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe èyí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sáàárín àmì àyọlò nínú ètò kò ṣeé fọwọ́ kàn; mo fọwọ́ kàn án, ètò náà sì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí fódà kan bá ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? EEXIST ni errno yóò sọ, ètò yóò sì máa lọ, bó bá ti dá a lójú pé fódà ni ohun tó wà níbẹ̀, tí kì í ṣe fáìlì. Níbí ni èmi àti Tíṣà ti ṣe àríyànjiyàn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ní kí ètò kọ́kọ́ wò ó bóyá fódà wà kó tó dá a sílẹ̀. Ó ní rárá o, nítorí pé láàárín ìgbà tí a wò ó àti ìgbà tí a dá a sílẹ̀, ètò mìíràn lè ti wọ ibẹ̀. Ó ní kí n dá a sílẹ̀ ní tààrà, kí n wá gbọ́ èsì tó fọ̀. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n òwe náà kò tíì bàjẹ́ lójú tèmi.

Àṣìṣe kan tún wà tí n kò jẹ́ gbàgbé. Orí kejì wà tí mkdir ń bèèrè, ìyẹn nómbà tó ń sọ ẹni tó lè wọ fódà àti ohun tó lè ṣe níbẹ̀. 0755 ni wọ́n sábà máa ń kọ. Mo rí òdo iwájú yẹn, mo ní kí ni ìwúlò òdo níwájú nómbà, mo yọ ọ́ sọnù. Àṣé òdo náà ló ń sọ fún C pé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni kó fi ka nómbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá ṣe ń fi ogún-ogún kà. Láìsí i, 755 lásán tí a ń fi mẹ́wàá-mẹ́wàá kà ni, èyí tí í ṣe 1363 bí a bá fi mẹ́jọ-mẹ́jọ kà á. Àbájáde rẹ̀ rèé: mo lè wọ fódà tí mo dá sílẹ̀, mo lè kó nǹkan sí i, ṣùgbọ́n n kò lè wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kọ́lé tán, mo wá dà bí ẹni tó wọ inú yàrá òkùnkùn biribiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìtàn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní ọdún 1969. Ibẹ̀ náà ni Ritchie ti gbé èdè C kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ayé ìgbà náà, ẹni kẹ́ni kò lè dá fódà sílẹ̀ ní tààrà. Ọ̀gá ẹ̀rọ nìkan ló ní àṣẹ mknod tí wọ́n fi ń ṣe é, ìpele mẹ́ta sì ni: a ó dá fódà, a ó fi orúkọ "." sínú rẹ̀, a ó sì fi orúkọ ".." sí i. Bí ẹ̀rọ bá kú sáàárín, ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn ni ó kù nílẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde ní 1983 ni mkdir di àṣẹ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àwọn orúkọ méjì yẹn yẹ fún àfiyèsí ọmọ Yorùbá. Fódà ara rẹ̀ ni ".", bàbá rẹ̀ sì ni "..". Ọjọ́ tí fódà bá ti délé ayé ló ti mọ bàbá rẹ̀. Èyí tí a tilẹ̀ pè ní òfìfo ní wọn nínú.

Nígbà tí a wá dé ọ̀rọ̀ orúkọ, Tíṣà fẹ́ kí n máa kọ "Ose01" láìfi àmì sí i, ó ní yóò dẹrùn fún ẹ̀rọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ose wo? Ṣé ọ̀sẹ̀ tí à ń kà ni, àbí ọṣẹ tí à ń fi wẹ̀, tàbí ọṣẹ́ tí ọ̀tá ń ṣe fúnni? Láti ìgbà ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ni àwọn àgbà ti ń là á lójú kí àkọtọ́ wa lè dúró, èmi wá fẹ́ tìtorí ẹ̀rọ sọ ọ́ nù? A fi àmì sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí fódà Ọ̀sẹ̀01 fi di méjì nínú SS1. Mo fi ojú wò wọ́n, kò sí ìyàtọ̀. Mo fi awò ojú wò wọ́n, kò sí ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ fódà kan kò lè ní ọmọ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Alẹ́ odindi kan ni a fi wá ìdí rẹ̀. Linux kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Báìtì nìkan ló mọ̀. Àyàfi àmì / àti òdo, báìtì yòówù ló lè wà nínú orúkọ. Lẹ́tà ẹ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nómbà tirẹ̀ nínú Unicode, báìtì mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní nómbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀, báìtì méjì. Ìyẹn di márùn-ún. Àtẹ ìtẹ̀wé ti ẹ̀rọ mi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ti Tíṣà ń mú è tó ti gba àmì ohùn ṣáájú, báìtì méjì, ó wá ń fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, báìtì méjì. Ojú kan náà ni wọ́n ní. Àmọ́ báìtì 11 ni "Ọ̀sẹ̀" tèmi, báìtì 9 ni tirẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, àlejò pátápátá ni wọ́n sí ara wọn. Unicode ti ṣe ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, èyí tó ń sọ irú kíkọ méjèèjì di ọ̀kan, tí àmì ìsàlẹ̀ á fi wà pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. A wá ní kí ètò wa máa gba gbogbo orúkọ kọjá níbẹ̀ kó tó fi wọ́n fún mkdir. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì tí ẹ kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú yín kedere, ẹ wádìí èyí wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, mo fẹ́ wó fódà ọdún náà. Àṣẹ tó ń wó fódà ni rmdir, oníwà pẹ̀lẹ́ sì ni. Fódà òfìfo nìkan ló ń wó. Bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, yóò kọ̀, yóò ní ENOTEMPTY. Bí a ṣe ń kọ́lé ní òdìkejì ni a ṣe ń wó o: a ó kó ẹrù inú àpótí, a ó gbé àpótí jáde, a ó wó yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà agboolé. Mo kọ àṣẹ kan tó ń pe ara rẹ̀: bó bá wọ fódà, yóò ka orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fo "." àti ".." dá, nítorí bí kò bá fò ".." yóò gun òkè lọ bá bàbá àti bàbá bàbá, bó bá kan fáìlì, yóò fi unlink pa á rẹ́, bó bá kan fódà, yóò pe ara rẹ̀ síbẹ̀, bó bá sì parí, yóò fi rmdir wó èyí tó wà nínú rẹ̀. Tíṣà kò sí nílé. Ó ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ kó bá a pé mo ti dá a ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé láti 1998 dé 2004 ni mo fi ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní agboolé tó yí wa ká, àti ní apá Bẹ́yẹrúnká. 41 ni wọ́n. Mo tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ, mo sì fi wọ́n sí fódà kan tí mo pè ní Oríkì, agboolé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fódà tirẹ̀. Kí n lè tètè dé ibẹ̀ bí mo bá ń kọ́ SS3 ní lítíréṣọ̀ alohùn, mo fi atọ́ka kan sínú fódà kíláàsì náà. Atọ́ka kì í ṣe fódà. Orúkọ lásán ni, tó ń nawọ́ sí ibòmíràn, bí ìgbà tí a kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tó bá ń wá lágbájá kó gba ọ̀hún lọ.

Kí ètò mi lè mọ̀ bóyá fódà ni nǹkan kan, stat ni mo ní kó máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà stat sì ni pé kì í wo atọ́ka. Ó máa ń tẹ̀ lé e dé ibi tó nawọ́ sí. Ó dé fódà Oríkì, ó ní fódà ni. Ètò mi wọlé. Ó pa fáìlì rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wó fódà agboolé kọ̀ọ̀kan, ó sì padà síbi atọ́ka láti fi rmdir wó òun náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wá fèsì ENOTDIR: èyí kì í ṣe fódà. Lẹ́yìn tó ti kó gbogbo ilé tán! Nítorí pé atọ́ka ṣì wà níbẹ̀, SS3 kò ṣeé wó. Sáà kò ṣeé wó. Ọdún kò ṣeé wó. ENOTEMPTY mẹ́ta tó tò tẹ̀léra lójú ẹ̀rọ ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. A sọ òkò sọ́jà, ó bá ará ilé ẹni. Ohun tí unlink bá sì pa kì í lọ sínú àpò ìdọ̀tí tí ènìyàn ti lè yọ ọ́.

Bí mo bá ti lo lstat ni, yóò wo atọ́ka fúnra rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe fódà. Èyí tó tilẹ̀ dára ju ti àfọwọ́kọ mi lọ ni nftw, tó wà nínú POSIX, tó ń bá ènìyàn rin gbogbo ilé: FTW_DEPTH á ní kó kọ́kọ́ ṣe ti àwọn ọmọ kó tó ṣe ti bàbá, FTW_PHYS á ní kó má tẹ̀ lé atọ́ka. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Tíṣà kò bá mi wí nígbà tó gbọ́. Ó kàn dákẹ́ lórí fóònù, ó wá ní, "Ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀, àbí, Bàbá?"

Mo ní. Ẹ̀dà 29 wà lórí fíláàṣì kan. Àwọn 12 tó kù jẹ́ èyí tí mo tẹ̀ kẹ́yìn, láti inú ìwé àfọwọ́kọ. Kásẹ́ẹ̀tì wọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ìwé àfọwọ́kọ náà ńkọ́? Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo wò ó pé kí ni mo tún ń fi ìwé jákujàku gbá yàrá mọ́lẹ̀ ṣe, mo sì kó o fún ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà nítòsí ọ̀nà wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Àwọn èèyàn Òkè Padre ti fi oríkì agboolé wọn di ẹ̀pà jẹ.

Ìyá àgbà tó kì mí ní púpọ̀ nínú méjìlá náà papò dà ní 2009. Ọmọ wọn obìnrin ṣì wà ní Bẹ́yẹrúnká, àwọn náà ti di ìyá àgbà. Mo lọ dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. N kò mọ bí a ṣe ń sọ atọ́ka fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo kàn ní ọwọ́ mi ló ṣe é. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ló mú un lọ, kì í ṣe pé ẹ tà á. Ẹ jókòó." Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ. Wọ́n ti rántí méje. Ẹsẹ̀ kan ń sọnù níhìn-ín, òmíràn tí n kò gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ń wọlé lọ́hùn-ún. Mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kì í, n kò bá wọn jà.

Ètò mi ti dá fódà méjìlá náà padà, orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan lórí wọn, ní NFC. Mo sì ti sọ fódà Oríkì àti ti gbogbo agboolé tí oríkì wọn ti wà nínú ẹ̀rọ di 0555, kí ètò kankan tí mo bá kọ má lè yọ nǹkan kúrò níbẹ̀ láìgba EACCES. Ẹ̀dà wọn wà lórí fíláàṣì méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Tíṣà. Márùn-ún tó kù ṣì ṣófo. 0755 ni mo fi wọ́n sí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, bí òjò kò bá dí mi lọ́wọ́, agboolé tó ṣìkẹjọ nínú méjìlá náà ni Màmá ní kí n mú ìwé wá fún.